Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ àti Igbó ní Rẹ́mọ

“Igi kan kì í dá igbó ṣe,” làwọn àgbà máa ń wí tí wọ́n bá ń rọ èèyàn pé kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ará Rẹ́mọ mọ ìtumọ̀ yẹn dáadáa. Ogun abẹ́lé ọ̀rúndún 19 ló mú kí ìlú 13, Òfin, Màkún àtàwọn yòókù, kóra jọ ní 1872, tí wọ́n fi di Ṣágámù. Ṣùgbọ́n inú igbó ni òwe náà ti wá, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dá a padà sí báyìí, torí igbó Rẹ́mọ gan-an ló ń di igi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo àgbìgbò. Kì í kọ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀ka bíi ti ẹ̀gà. Inú ihò igi ńlá ni abo rẹ̀ ń wọ̀ lọ yé ẹyin; wọn á wá dí ẹnu ihò náà pa, yóò ku ojú tóóró kan péré, ibẹ̀ ni akọ ń gbà fi èso bọ́ ìyá àtọmọ. Ìrókò tó bá ti ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹni, àmọ́ kò ní pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ agégi á fi dá a dùbúlẹ̀. Odídẹrẹ́, tí ọba ń fi ìkóódẹ rẹ̀ ṣe adé lọ́ṣọ̀ọ́, ihò igi lòun náà ń yé sí. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ ihò fún ẹyẹ.

Ẹlòmíràn á ní igbó Orò ṣì wà, èèwọ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Òótọ́ ni, ọpẹ́ ni fún àwọn tó fi èèwọ̀ náà lélẹ̀. Àmọ́ igbó Orò tí ilé ti yí ká kò lè bọ́ ẹyẹ ńlá yípo ọdún. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbòmíràn: ẹni tó bá gun àkàsọ̀ 667 ti Òkè Ìdànrè yóò bá ààfin àtijọ́ lókè, yóò sì rí igbó nísàlẹ̀. Ìtàn àti igbó wà lójú kan. Rẹ́mọ kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Igbó ọba Ọmọ̀, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ láti 1925, jìnnà sí wa, oko kòkó sì ń jẹ ẹ́ wọnú.

Wọ́n á tún ní àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n obì àti kòkó tó gbé Rẹ́mọ dìde fẹ́ràn ibòòji, àgbìgbò tó ń gbé èso mì ló sì ń gbin igi sọ́nà jíjìn láìgba owó iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ loko láàárín Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìrókò tó ní ihò dúró.