Pòròpórò Ọkà Bàbà: Ta Ló Ń Jẹ Èrè Ewé?



Láìpẹ́ yìí, mo ra ìdì pòròpórò ọkà bàbà kan lọ́wọ́ ìyá lẹ́kùlẹ́jà kan ní ọjà Òkè Àdó níbí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti ń rí i?" Ó ní, "Òkè-Ògùn ni, Bàbá. Àwọn alárọ́bọ̀ ló ń kó o wá bá wa." Mo tún bi í pé èló ni àgbẹ̀ ń tà á. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àgbẹ̀ wo? Ọkà ni àgbẹ̀ gbìn, Bàbá. Èyí, ohun tó ṣẹ́ kù lóko ni." Èsì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹ́ kù yìí, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Èèpo ewé tó bo igi ọkà bàbà ni. Bí a bá sè é, omi rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọn Hausa ń fi í se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń fi í pa wàrà láró. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbo ẹ̀jẹ̀ ni. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe Jobelyn, tí wọ́n ń tà nínú ike bí àfikún oúnjẹ. Láti ilẹ̀ oko dé inú ike, ọ̀nà náà jìn, owó sì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Rẹ́fúréǹdì Paul Ogunyale ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí gbé àgbo tó ń lò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ fún NIPRD, ilé ìwádìí òògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Ábùjá ní 1987. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kànáfùrù nìkan ni àlejò láàárín wọn, orúkọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́wọ́: èdè Lárúbáwá ló ti wá. Mẹ́ta yòókù, oko àti igbó wa ni wọ́n ti ń jáde.

Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem láti New Jersey l'Amẹ́ríkà gbàṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006, ó bọ́ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 2008, gbèsè ti wọ Xechem lọ́rùn, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ pé apá òun kò ká a mọ́. Òògùn náà bá di ohun àwárí fún àwọn tó gbára lé e.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìyèré kò yéé so, ọkà bàbà kò yéé hù. Ewé wà, ilé tó ń sọ ewé di òògùn ni ó wó. Inú ilé yẹn ni èrè wà: sísá, ṣíṣà, lílọ̀, àyẹ̀wò, ìwé àṣẹ, ike àti lébẹ́ẹ̀lì.

Kí ló dé tí àgbẹ̀ kò fi lè ṣe é fúnra rẹ̀? Ìṣirò ni. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé àyẹ̀wò àti ìwé àṣẹ gba ₦500,000. Ẹni tó ṣe ike 500 ti ru ₦1,000 lé orí ike kọ̀ọ̀kan kó tó ra ewé. Ẹni tó ṣe 50,000, ₦10 péré ni. Owó yìí kò mọ tálákà yàtọ̀ sí olówó. Ohun kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rọ àgbo sínú ike omi lásán, tí wọ́n ń tà á ní garéèjì.

Èdè lébẹ́ẹ̀lì náà tún wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1993 ló dá NAFDAC sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ òògùn ìbílẹ̀ tó fọwọ́ sí, ẹ ó rí i pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Òfin Amẹ́ríkà ti 1994 ní kí àfikún oúnjẹ wọn kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, "ó ń ran ara lọ́wọ́" kò jọ "ó ń wo àrùn" o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, kó má torí ike kankan fi ọsibítù sílẹ̀.

Kí wá ni àgbẹ̀ á ṣe? Ìtàn kòkó lè kọ́ wa. Lẹ́yìn òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè wa kó ara wọn jọ, wọ́n ń sá kòkó dáadáa, wọ́n sì ń tà á pọ̀ kí owó lè gbé pẹ́ẹ́lí. Bí ogójì àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn bá jọ ní pèpéle ìsáǹkan kan tí kì í ṣe etí títì, tí wọ́n ṣà á mọ́, tí wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo, wọ́n á kúrò ní ẹni tí wọ́n ń bá ṣa ìdọ̀tí oko. Wọn ò tíì ní ilé-iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn á tólẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá iye.

Mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò gbàgbé Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. Owó kòkó ló kọ́ ọ, àgbẹ̀ mélòó ló ní ọ́fíìsì níbẹ̀? Ẹgbẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tó di àpò owó mú ṣe pàtàkì. Rẹ́fúréǹdì Ogunyale ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ kó tó gbé àgbo rẹ̀ kalẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin ewé ọkà, kí ló ní lọ́wọ́?

Èmi ti pinnu pé ìgbà mìíràn tí mo bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mi ò ní yọ́wọ́ kankan. Ire o.