Ọjà Ayé àti Oúnjẹ Òṣìṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbé ẹnìkan dé ibi èrè lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìtàn Gúúsù Áfíríkà jẹ́rìí sí èyí, apá méjèèjì ìtàn náà sì pàdé ní Midrand, ìlú tí ó wà láàárín Johannesburg àti Pretoria.

Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà dópin ní 1994, ìjọba tuntun ṣílẹ̀kùn fún ọjà ayé. Àdéhùn ìṣòwò àgbáyé gbà wọ́n láyè láti dín owó bodè orí aṣọ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 12. Ìjọba fúnra rẹ̀ gé e sí ọdún 8. Aṣọ olówó pọ́ọ́kú ya wọ̀lú, pàápàá láti Ṣáínà. Inú ẹni tí ń ra aṣọ dùn, oníṣòwò sì jèrè. Ṣùgbọ́n ní Cape Town àti Durban, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aránṣọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, pàdánù iṣẹ́ wọn. Ó di 2007 kí ìjọba tó fi òdiwọ̀n sí iye aṣọ tí yóò máa ti Ṣáínà wọlé, fún ọdún 2 péré. Àwọn oníṣòwò yíjú sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ti iṣẹ́ ọkọ̀ yàtọ̀. Ìjọba ti ṣètò fún un láti 1995: owó bodè orí ọkọ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí di 2012, ẹni tí ó bá sì ń kó ọkọ̀ lọ tà lókè òkun ń rí ìdẹ̀ra lórí owó bodè ohun tí ó ń kó wọlé. BMW, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilẹ̀ náà wà ní Midrand, ń ṣe ọkọ̀ ní Rosslyn nítòsí Pretoria, ó sì ń tà á káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ ní Durban kò lè di òṣìṣẹ́ Rosslyn lọ́jọ́ kejì. Èrè kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tí ó pàdánù. Ìjọba ni í gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin 1995 fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti láti daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2019, owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di 20 ráńdì fún wákàtí kan. Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ní ọgbà Gallagher, ní Midrand, ni COSATU, àjọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ rẹ̀ ní 2009 àti 2012. Ọgbà yìí kan náà ni Ilé Aṣòfin Gbogbo Áfíríkà fi ṣe ibùjókòó láti 2004, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn nìkan ni ó lè gbani. Láti 2021 ni àdéhùn ìṣòwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu ni ó yẹ kí ìjọba ti mọ ohun tí aláṣọ-òkè Ìṣẹ́yìn àti aránṣọ Mushin yóò jẹ.