Ìgbà Ń Bẹ fún Odò: Ìtàn Àwọn Tí Ń Pa Ẹja Tirúìtì Lórí Òkè

  

Ìtàn àwọn apẹja ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe àwọn apẹja odò Wẹ̀mẹ̀ tàbí ti ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Àwọn apẹja orí òkè ni, ní ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá ní ilẹ̀ Faransé. Ìbéèrè tí ìtàn náà ń dáhùn ni èyí: bí ẹja bá ń tán nínú odò, kí ni ènìyàn lè ṣe sí i? Ọ̀kan nínú àwọn tí ó rí ìdáhùn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Apẹja ni, nínú ìlú kékeré kan lórí òkè.

Irú ẹja wo ni?

Truite ni àwọn Faransé ń pe ẹja náà. Àwa yóò máa pè é ní tirúìtì. Kò sí nínú odò wa, nítorí pé kò lè gbé inú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi tútù ni ó fẹ́, omi mímọ́ gaara tí ń sáré láàárín òkúta. Nítorí náà orí òkè ni ibùgbé rẹ̀. Ó wà ní òkè Alpes, ní òkè Pyrénées àti ní òkè Vosges, nínú odò kéékèèké àti nínú adágún tí yìnyín yíyọ́ ń bomi sí. Ara rẹ̀ rí tó-tò-tó, pẹ̀lú àmì dúdú àti àmì pupa. Ẹran rẹ̀ dùn, àwọn ènìyàn sì ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ni ó ń jẹ? Ó ń jẹ ekòló, ó ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kòkòrò púpọ̀. Kòkòrò kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé abẹ́ òkúta nínú omi fún nǹkan bí ọdún kan, láìní ìyẹ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń móoru, yóò gòkè wá sí ojú omi, yóò bọ́ awọ rẹ̀, yóò sì fò. Ayé rẹ̀ lójú ọ̀run kò gùn. Kì í jẹun mọ́. Ó ń gùn, ó ń yé ẹyin sójú omi, ó sì ń kú, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí àwọn kòkòrò wọ̀nyí bá ti bo ojú omi, tirúìtì a yọ orí sókè, a sì máa gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Eṣinṣin àtọwọ́dá

Apẹja rí èyí, ó fẹ́ fi kòkòrò náà sí ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ara kòkòrò náà rọ̀ jù. Bí a bá ti fi ìwọ̀ gún un, ó fọ́. Kí ni kí apẹja ṣe?

Ní nǹkan bí 1800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Aelian kọ ohun tí àwọn apẹja ń ṣe ní ilẹ̀ Macedonia, níhà àríwá ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ní wọ́n ń wé òwú irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì ń so ìyẹ́ àkùkọ méjì mọ́ ọn. Ẹja tó ní àmì tó-tò-tó lára rò pé kòkòrò ni, ó sì gbé e mì. Báyìí ni eṣinṣin àtọwọ́dá ṣe wọ inú ìwé.

Ní 1496, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwọ̀ ẹja. Eṣinṣin àtọwọ́dá 12 ni ìwé náà dárúkọ, ó sì sọ oṣù tí olúkúlùkù wúlò. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe eṣinṣin kan náà ni ẹja ń jẹ ní gbogbo ìgbà. Apẹja ní láti mọ oṣù, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti mọ ìgbà àgbàdo yàtọ̀ sí ìgbà ẹ̀wà. Ìwé náà tún kìlọ̀ fún apẹja pé kí ó má ṣe wọ̀bìà, kí ó má pa ju ohun tó tó lọ.

Bí a ṣe ń ju ìwọ̀ yìí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Eṣinṣin onírun àti oníyẹ̀ẹ́ fúyẹ́ jù, kò ṣeé jù bí òkúta. Okùn ni a ń jù. Apẹja a ju ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn, a jù ú síwájú, okùn a nà gbọọrọ lórí omi, eṣinṣin a sì bà jẹ́jẹ́ ní ìparí rẹ̀. Láyé àtijọ́, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n ń lọ́ pọ̀ fi ṣe okùn náà.

Ìgbà ṣíṣí àti ìgbà títì

Ní ilẹ̀ Faransé, a kì í pa tirúìtì ní gbogbo ọdún. Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣí odò. Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń tì í.

Ní oṣù kẹta, omi ṣì tutù gan-an, ẹja kì í sì fẹ́ kúrò ní ìsàlẹ̀. Eṣinṣin tí ń rì ni apẹja fi ń wá a. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, kòkòrò abìyẹ́ bo ojú omi. Ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí dùn jù. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, oòrùn mú, omi fà. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni apẹja ń jáde. Ní àwọn adágún orí òkè gíga, yìnyín lè bo omi títí di oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà. Níbẹ̀, yìnyín fúnra rẹ̀ ni àgádágodo.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ti odò? Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kìíní ni tirúìtì ń yé ẹyin. Ó ń gòkè odò lọ sí ibi tí omi kò jìn, tí òkúta wẹ́wẹ́ wà. Abo ń fi ìrù gbẹ́ ihò, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Akọ a wá da omi àtọ̀ rẹ̀ sórí ẹyin náà, abo a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Abo tí ó wọn kílò kan lè yé ẹyin bí 1500 sí 2000. Ẹyin náà kì í tètè di ọmọ. Bí omi bá tutù gan-an, ó lè lò tó 80 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ òkúta.

Ní àkókò yìí, ẹja kó jọ sí ibi tí omi kò jìn, ó sì rọrùn láti mú. Ẹni tó bá mú abo kan nígbà náà ti kó ẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó bá jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn?

Joseph Remy, apẹja La Bresse

La Bresse jẹ́ ìlú kékeré kan ní òkè Vosges, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Odò Moselotte ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú yìí ni Joseph Remy, tí wọ́n bí ní 1804, ti ń pẹja. Kò kàwé púpọ̀.

Remy ṣàkíyèsí pé tirúìtì ń dín kù nínú àwọn odò rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà òtútù, ó ń lọ sí etí odò láti ṣọ́ ẹja. Ó ń wo ohun tí abo ń ṣe, ó ń wo ohun tí akọ ń ṣe. Ó wá mọ̀ pé ẹyin tí akọ kò bá da omi sí kì í di ọmọ. Ó tún rí i pé omi ń gbé ọ̀pọ̀ ẹyin lọ, ẹja mìíràn sì ń jẹ ọ̀pọ̀.

Ní nǹkan bí 1842, ó dán nǹkan kan wò. Ó mú abo tí ẹyin rẹ̀ ti gbó, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹyin sì dà sínú omi inú àwo. Ó mú akọ, ó ṣe é bákan náà, omi àtọ̀ funfun dà lé ẹyin. Ó kó ẹyin náà pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpótí páànù tí ó lu ihò kéékèèké sí lára, ó sì gbé e sínú odò tí ń ṣàn. Omi ń wọlé, omi ń jáde, ṣùgbọ́n ẹja ajẹyin kò lè wọlé. Nígbà tí ó yá, ẹyin di ọmọ. Ará ìlú rẹ̀ kan, Antoine Géhin, bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Ní 1843, Remy fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí aláṣẹ ìpínlẹ̀ Vosges, ẹni tí àwọn Faransé ń pè ní préfet. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìpínlẹ̀ náà fún un ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ní Paris, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní 1848, ọ̀mọ̀wé ńlá kan, Quatrefages, sọ ní Paris níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn fi ọwọ́ sọ ẹyin ẹja di ọmọ. Ní 1849, Dókítà Haxo, ará Épinal, kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ náà pé apẹja méjì ní La Bresse ti ń ṣe é láti ọdún mélòó kan. Ìgbà náà ni ìjọba tó gbọ́. Wọ́n yan ọ̀mọ̀wé Milne-Edwards láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì jẹ́rìí sí i ní 1850. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dá ibi ìsin ẹja ńlá kan sílẹ̀ ní Huningue, nítòsí odò Rhin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹyin ẹja ránṣẹ́ káàkiri. Remy kú ní 1854.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Ará Jámánì kan, Jacobi, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí 80 ọdún ṣáájú Remy, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìwé náà wà. Kò dé ọwọ́ apẹja. Remy ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀ dà bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ nínú àká. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 1843 wà níbẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́tà yẹn, ta ni ìbá gbà pé apẹja ló ṣáájú ọ̀mọ̀wé Paris?

Òfin odò

Sísin ẹja nìkan kò tó. Bí a bá ń kó ọmọ ẹja sínú odò, tí àwọn ènìyàn sì ń pa abo nígbà ẹyin, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni.

Òfin Faransé ti 15 oṣù kẹrin 1829 ti fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba láti sọ ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ pẹja. Òfin kan náà fi owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n lé ẹni tó bá da oògùn sínú odò láti pa ẹja. Ní 1865, òfin mìíràn fi kún un pé ní ìgbà tí odò bá wà ní títì, a kò gbọ́dọ̀ ta ẹja náà, a kò gbọ́dọ̀ rà á, a kò gbọ́dọ̀ gbé e kiri. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Bí kò bá sí olùrà, kí ni olè ẹja fẹ́ fi ṣe?

Ẹyin tó rìnrìn àjò

Ní 1864, wọ́n di ẹyin tirúìtì sínú ewé odò tútù àti yìnyín, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi Norfolk láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí erékùṣù Tasmania, níhà gúúsù Ọsirélíà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta lójú òkun, síbẹ̀ nínú wọn di ọmọ. Ní 1867, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ dé New Zealand. Ní 1905, wọ́n gbé tirúìtì dé odò Gura ní Kẹ́ńyà, níbi tí òkè ti mú kí omi tutù.

Ṣùgbọ́n àlejò lè di onílé. Ní New Zealand, tirúìtì jẹ àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dín kù ní ọ̀pọ̀ odò. Ẹja tó ṣe odò kan lóore lè ba òmíràn jẹ́. Ó yẹ ká mọ odò kí a tó da nǹkan sí i.

Ẹ̀yin ará wa, ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹja ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tó bá fi ìgbà náà sílẹ̀ fún un yóò tún rí i pa lọ́dún tó ń bọ̀. Èkejì, ẹni tó bá ń wo odò dáadáa lè rí ohun tí ọ̀mọ̀wé kò tíì rí. Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá rí, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ló dé tí tirúìtì kò lè gbé inú odò wa?
2. Oṣù wo ni wọ́n ń ṣí odò ní ilẹ̀ Faransé? Oṣù wo ni wọ́n ń tì í? Nítorí kí ni?
3. Kí ni Remy fi sínú odò láti dáàbò bo ẹyin?
4. Nínú odò tó sún mọ́ yín, ìgbà wo ni ẹja ń yé ẹyin? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà apẹja, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.