"Ẹrú" Ti Kúrò Nínú Ìwé MySQL

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Akotogbo tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dátábéèsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Tẹ́lẹ̀, MySQL máa ń pe kọ̀ǹpútà tí dátà ti ń wá ní master, ìyẹn ọ̀gá; èyí tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ni slave, ìyẹn ẹrú. Lọ́dún 2020, wọ́n kéde pé source àti replica ló máa rọ́pò wọn. Láti ẹ̀dà 8.0.22, SHOW REPLICA STATUS ló wà nípò SHOW SLAVE STATUS. Nígbà tí 8.4 dé ní 2024, wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àṣìṣe ló máa rí, kò sì ní mọ̀ bóyá àdàkọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí sí i ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ̀dà tí ìwé náà wà fún.