Ìdáríjì: Ẹnu Ẹni Tó Ṣẹ̀ Dà?

Ní Aradagun, lójú títì Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn èrò Iworo àti Ajido ti ń yà, èdè méjì ló ń pàdé lọ́jà. Bí Yorùbá bá ṣẹ ẹnìkejì, á ní, "Ẹ foríjìn mí." Orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ti Ògù ni jona: kí a fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni. Ọ̀kan pe orí, èkejì ní kí ọwọ́ tú u sílẹ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ ọkàn nínú méjèèjì.

Láyé àtijọ́, ènìyàn kì í dá ìdáríjì ṣe nínú yàrá. Ẹni tó ṣẹ̀ á wá àgbà tí ẹni tó ń bínú kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Á dọ̀bálẹ̀, á jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, á san ohun tó bá yẹ, gbogbo agboolé á sì gbọ́. Òwe ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ojú kan náà la ó sáà máa rí lójúmọ́, lódò àti lóko. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára o. Ìyàwó ilé tí àwọn àgbà ti bẹ̀ títí mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ àgbà a máa di àṣẹ nígbà mìíràn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wá dé tí ojúde baálé kò gbà. Ní 1724, Agaja ọba Dahomey kó Allada. Ní 1727, ó kó Ouidah. Àwọn tó sá fún ogun náà wà lára àwọn tó tẹ àgbègbè Àgbádárìgì dó, òwò ẹrú ló sì sọ ìlú náà di ńlá. Ẹni ogun lé kúrò nílé wá di ẹni tó ń ta ọmọ ẹlòmíràn. Ní 1726, láàárín ogun méjèèjì gan-an, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Butler, tẹ àwọn ìwàásù rẹ̀ jáde ní London. Ó ní ìbínú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kó má ṣáà ti kọjá ààlà, kó má di ẹ̀san. Títí dòní, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọgbọ́n orí tó ń kọ̀wé lórí ìdáríjì ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹrú léèrè ibi tí ààlà náà wà.

Ní January 1845, Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní April 1822. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí ibẹ̀, ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi gbé láàárín àwọn tó ń ta irú rẹ̀, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni wá bẹ òun kó tó wàásù fún wọn. August 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n so dáríjì mọ́ gbèsè. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ta ló ń béèrè ìtumọ̀ ìyẹn?

Ní 1985, Robert Enright ní Yunifásítì Wisconsin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wádìí ìdáríjì. Everett Worthington, onímọ̀ bíi tirẹ̀, náà ń ṣe é. Bí ọdún 1996 ṣe ń wọlé ni olè pa ìyá rẹ̀ nínú ilé. Òun ló pín in sí méjì: èyí tí ènìyàn pinnu, àti èyí tí inú ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa tó ní, "Mo ti gbà, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì yọ́," ti pín in bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìmọ̀ yìí dára fún ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ ti kú tàbí tó sá lọ. Àbùkù rẹ̀ lójú tèmi ni pé ó gbé ẹjọ́ kúrò lójúde wọ inú àyà, iṣẹ́ wá tán lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀.

Ọdún 1999 fi èyí hàn. Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé jáde ọdún náà lórí ìrántí àti ìdáríjì, ó ń béèrè ibi tí ìsanpadà wà. Ọdún náà ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa kalẹ̀ kí àwọn tí ìjọba ti fìyà jẹ lè wá sọ tẹnu wọn. Wọ́n wá, wọ́n sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n. Olórí ìjọba ológun mẹ́ta tí wọ́n pè, Buhari, Babangida àti Abdulsalami, kò yọjú. Ọdún kan náà ni Mathieu Kérékou, ààrẹ Benin, kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó tọrọ àforíjìn nítorí ipa tí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn kó nínú òwò ẹrú. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òṣèlú ni. Ó ṣáà la ẹnu rẹ̀.

Láti Aradagun, ẹnubodè Sèmè tó wọ Benin kò jìnnà. Lápá ọ̀hún, olórí orílẹ̀-èdè kan ti kúnlẹ̀. Lápá tiwa, ìwé àbájáde ìwádìí tí Oputa fi lé Ọbásanjọ́ lọ́wọ́ ní 2002, ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde.