Ìtọ́jú igi eléso ẹ̀yìnkùlé láìlo oògùn olóró ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìtọ́jú igi eléso láìlo oògùn olóró ni kí a fi ìmọ́tótó, àdá, ọṣẹ, ewé àti ẹ̀dá tó ń pa kòkòrò jẹ gbógun ti kòkòrò àti àrùn ara igi. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, igi máńgòrò, ọsàn, agbálùmọ̀ àti ìbẹ́pẹ kì í jìnnà sí kànga, àwọn ọmọdé sì ń ṣa èso jẹ nídìí wọn. Oògùn tí a bá fọ́n sígi lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ará ilé.

Eṣinṣin èso

Ọ̀tá máńgòrò tó burú jù ni eṣinṣin Bactrocera dorsalis. Éṣíà ló ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2003, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Abo rẹ̀ á gún èèpo èso, á yé sínú rẹ̀. Ìdin á jẹ ẹ́ títí èso náà á fi rẹ̀ sílẹ̀, á wá wọnú ilẹ̀ lọ para dà. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí a máa ṣa èso tó rẹ̀, kí a dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí a so ó pinpin, kí a sì sá a sóòrùn títí ìdin á fi kú. Bí a bá kàn dà á sí ààtàn, ibẹ̀ ni eṣinṣin mìíràn á ti jáde.

Èèrà pupa tó ń lẹ ewé pọ̀ ṣe ilé sórí igi, Oecophylla longinoda, ń lé eṣinṣin yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 láti oko máńgòrò ní orílẹ̀-èdè Benin fi hàn pé níbi tí èèrà náà bá pọ̀ sí, ìdin kì í pọ̀ nínú èso. Ó ń jẹni lóòótọ́, síbẹ̀ kò yẹ kí a sun ilé rẹ̀.

Kòkòrò funfun

Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Rastrococcus invadens, tó funfun bí òwú, bo máńgòrò ní Tógò, Gánà àti Benin, ó sì dé Nàìjíríà. Oje dídùn tó ń sun ń jẹ́ kí ewé dúdú. Ní 1987, wọ́n tú agbọ́n tíńtín kan láti Íńdíà, Gyranusoidea tebygi, sílẹ̀ ní Tógò. Inú kòkòrò náà ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ tán. Bí kòkòrò bá ṣẹ́ kù, ọṣẹ dúdú díẹ̀ tí a yọ́ sómi ni kí a wọ́n sí i. Oògùn olóró á pa agbọ́n pẹ̀lú.

Àfòmọ́ àti àrùn

Ẹyẹ ló ń nu kóró àfòmọ́ mọ́ ẹ̀ka ọsàn. Bí a bá ré ewé rẹ̀ nìkan, á tún hù. Ẹ̀ka tó wọ̀ ni kí a gé, nísàlẹ̀ ibi tó wọ̀, kó tó so. Gígé ẹ̀ka tó há mọ́ra ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ewé, èyí sì ń dín àrùn tó ń sọ òdòdó àti èso máńgòrò di dúdú kù. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, a lè gún kóró dóńgóyárò, kí a rẹ ẹ́ mọ́jú, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ilé kan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ní Pòrógun àti Ìwàdé, àwọn àdúgbò Ìjẹ̀bú-Òde tí ilé ti sún mọ́ra, eṣinṣin ń fo ògiri; gbogbo àdúgbò ló yẹ kó jọ máa ṣa èso tó bá rẹ̀.