Ọjọ́ Tí Greig Rákò ní Oval

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá ti gbọ́ nípa kríkẹ́ẹ̀tì rí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé eré àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe ni. Ẹ ò tiẹ̀ rò ó wò: ọjọ́ márùn-ún gbáko lórí eré kan ṣoṣo! Wọn a dúró jẹun ọ̀sán, wọn a dúró mu tíì, tó bá sì di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n lè ní kò sẹ́ni tó borí. Èmi náà ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún gbọọrọ, pè mí jókòó.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "o ò mọ nǹkan tó ò ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo wà ní Oval lọ́dún 1976. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka eré náà o, àwọn ará Jàmáíkà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà mí lọ. Ṣùgbọ́n mo sunkún lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Ẹ sunkún kẹ̀, Bàbá? Nítorí bọ́ọ̀lù?"

Ó ní bọ́ọ̀lù kọ́.

Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò mọ eré yìí. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Apá kan ń ju bọ́ọ̀lù sí igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹni tó di pátákó mú lápá kejì ń gbá a dànù kó má bàa kan igi. Tó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ipò, ìyẹn ni wọ́n ń kà sí ráànù kan. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi, tàbí tí wọ́n hán an kó tó kanlẹ̀, ó di kí onítọ̀hún máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì ni apá kọ̀ọ̀kan máa ń gbá. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù kò kan ìtàn wa.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó eré yìí lọ sí àwọn erékùṣù Karíbíánì, níbi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ Ṣàngó ní Trinidad títí dòní. Ẹgbẹ́ West Indies tí à ń wí yìí kì í sì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀, Trinidad àti Guyana náà wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìjọba tirẹ̀. Orí pápá kríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ kan. Lọ́dún 1928 tí wọ́n kọ́kọ́ bá Gẹ̀ẹ́sì gbá irú eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí, ìyà tí wọ́n jẹ kò kéré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbá lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn gbá tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ká a.

Bí dúdú sì ti mọ̀ ọ́n gbá tó, òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́. Ó di ọdún 1960 kí wọ́n tó fa ẹgbẹ́ lé Frank Worrell ọmọ Barbados lọ́wọ́, òun sì ni dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran ni mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury, ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn wá láti àwọn erékùṣù yẹn. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n rí iṣẹ́ o, ní ilé ìwòsàn, nínú bọ́ọ̀sì, ní rélùwéè. Ilé tí wọ́n máa gbé ni wàhálà. Onílé á rí àwọ̀ wọn, á ti ilẹ̀kùn. Àwọn míì tiẹ̀ kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn ò fẹ́ dúdú. Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé níbẹ̀ lásìkò yẹn jẹ nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Windrush yẹn náà ni olórin Trinidad méjì wà, Lord Kitchener àti Lord Beginner.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ West Indies wá sí Lord's, pápá tó jẹ́ pé bí èèyàn bá húkọ́ níbẹ̀, wọ́n á wò ó. Ọmọdé méjì ni wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù: Alf Valentine ará Jàmáíkà, ọmọ ogún ọdún, àti Sonny Ramadhin ará Trinidad, tí kò ju mọ́kànlélógún lọ. Nínú ogún ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ẹni tó ń gbá, àwọn méjèèjì yìí ló ṣe méjìdínlógún. Ráànù 326 ni West Indies fi borí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1950, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa nà Gẹ̀ẹ́sì nílé rẹ̀. Ni Kitchener bá gbé gìtá rẹ̀, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n jó yí pápá ká, wọ́n sì jó dé Piccadilly. Beginner fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe orin tó lókìkí títí dòní. Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú lọ́jọ́ Ajé ló ń jó lórí koríko Lord's lọ́jọ́bọ̀ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé 1976. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Tony Greig, ọ̀gá ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sọ lórí tẹlifíṣàn pé òun máa mú kí àwọn West Indies rákò níwájú òun. Ẹ má jẹ́ ká ṣì í mú o, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló ń wí. Ìdọ̀bálẹ̀ ní iyì tirẹ̀. Ìrákò tí ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun fi ń bẹ̀bẹ̀ ló ń sọ. Taa ló sì sọ ọ́? Òyìnbó tí wọ́n bí sí South Africa! Oṣù yẹn gan-an ni ọlọ́pàá ìjọba apartheid yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kó àwọn eléré wọn kúrò ní Olympics Montreal nítorí ọ̀rọ̀ South Africa kan náà. Greig sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀. Ó ti pẹ́ jù, ẹyin ti fọ́.

Ọ̀dá mú lọ́dún yẹn, koríko Oval ti gbẹ bíi ti ọyẹ́. Oval kò sì jìnnà sí Brixton, àdúgbò àwọn ará Jàmáíkà. Wọ́n dé tìlù-tìfèrè, tòun ti agolo ọtí tí wọ́n ń lù bí agogo. Viv Richards gbá ráànù 291. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Michael Holding, tí eré rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́ bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, wó igi Greig. Èrò ya wọ pápá. Lọ́jọ́ kẹrin, Greig fúnra rẹ̀ lọ síwájú ibi tí àwọn dúdú jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀, ó sì rákò. Lọ́jọ́ karùn-ún, Holding tún wó igi rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá ni Holding nìkan lé jáde.

Mo bi Bàbá pé ṣé ìrákò yẹn ló pa wọ́n lẹ́kún. Ó ní rárá, ẹ̀rín làwọn rín, àwọn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ariwo yẹn ni," ó ní. "Nínú yàrá tí mo háyà, tí mo bá rẹ́rìn-ín, onílé á kan ògiri. Nínú bọ́ọ̀sì, à ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn, à ń pariwo, ọlọ́pàá ń wò wá, kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà yẹn tí ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀dọ́ dúdú kọlu ara wọn níbi ọdún eré Notting Hill. West Indies ń borí lọ ní tiwọn. Lọ́dún 1984, márùn-ún nínú márùn-ún ni wọ́n jẹ lórí Gẹ̀ẹ́sì nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ pápá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìlù àti fèrè kù. Tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń rà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ di ohun tí wọ́n ń rà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, owó rẹ̀ sì gbéra. Àwọn kan ní torí pé West Indies bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi ni àwọn dúdú ṣe kúrò níbẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ wọn náà yà sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Àmọ́ èmi ò gbà pé ó tán síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó wá wòran, ṣùgbọ́n kó fi ìlù rẹ̀ sílé, kí ló kù tó fẹ́ wá ṣe? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàpà gba ife náà padà ní Oval lọ́dún 2000, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1969 tí wọ́n máa borí West Indies nínú ìdíje, àwọn ará Brixton tó wà níbẹ̀ kò tó ti àtijọ́ mọ́ rárá.

Mo sọ fún Bàbá pé ráànù 231 ni West Indies fi borí lọ́jọ́ tó sunkún yẹn. Ó wojú mi.

"Ṣé ó pọ̀ ni," ó ní, "àbí ó kéré?"